“Májèlé-inú” kọ́ o, oró èèpo ni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí gbogbo ilé.

Láti ọjọ́ Ajé ni ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Iléṣà gbé kalẹ̀ ti ń jẹ mí lọ́kàn. Wọ́n ń túmọ̀ àpilẹ̀kọ kan lórí ásímà, wọ́n dé ibi tí wọ́n ti dárúkọ endotoxin, ohun olóró kan tó ń wá láti ara bakitéríà, wọ́n sì ní kí á máa pè é ní “májèlé-inú”. Ẹni mẹ́ta ti dáhùn pé ó dùn létí. Èmi ò fara mọ́ ọn. Bí irú ọ̀rọ̀ yìí bá fi lè wọ ìwé ọmọ iléèwé, ta ni yóò yọ ọ́?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú májèlé. Májèlé ní ọwọ́ tó bù ú sínú ọbẹ̀. Bí ìyá ìyá mi bá ní “wọ́n fún un ní májèlé jẹ”, ẹjọ́ ni wọ́n ń rò yẹn, wọn ò sọ̀rọ̀ àìsàn. Ejò kì í fúnni ní májèlé. Oró ló ní. Àkekèé, oró. Agbọ́n, oró. Ohun tó bá ẹ̀dá wáyé, tó ń gbé lára rẹ̀, oró là ń pè é. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sí i! Ẹnì kan kọ “oro inu” lánàá láìsí àmì kankan. Mo kà á sí orò, mo kà á sí ọ̀rọ̀ inú, kó tó yé mi pé oró ni wọ́n ń wí.

“Inú” yẹn ló tilẹ̀ bí mi nínú jù. Richard Pfeiffer ló sọ nǹkan yìí lórúkọ ní Berlin lọ́dún 1892. Ó fi ooru pa bakitéríà tó ń fa onígbáméjì, ó rí i pé òkú wọn ṣì ń pa ẹranko. Ó gbà pé inú wọn lọ́hùn-ún ni oró náà sá pamọ́ sí, ló bá fi endo, tí àwọn Gíríìkì ń pe inú, ṣíwájú orúkọ rẹ̀. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ló wá rí i pé ara awọ ìta bakitéríà ló wà: ọ̀rá àti ṣúgà tó so pọ̀ mọ́ra, tó ń já dànù bí bakitéríà bá kú tí awọ rẹ̀ sì fọ́. Orúkọ ti mọ́ àwọn òyìnbó lẹ́nu, wọn ò yí i padà mọ́. Ṣé àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ yóò wá jogún àṣìṣe Pfeiffer? Ohun tó bo nǹkan lára, tó sì ń ṣí kúrò, èèpo ni: èèpo ẹ̀pà, èèpo iṣu, èèpo igi. Oró èèpo ni kí á pè é.

Ẹ̀gbọ́n wa lè ní kí ni mo ń jà sí. Ohun tí àpilẹ̀kọ náà ń sọ gan-an, pé ìwọ̀nba nǹkan yìí lè gbani lọ́wọ́ ásímà, kò ní yé ẹni tó bá ka “májèlé” ni. Ẹ wo àwọn Amish ti Indiana àti àwọn Hutterite ti South Dakota ní Amẹ́ríkà. Yúróòpù ni ìran méjèèjì ti ṣẹ̀ wá, àgbẹ̀ ni wọ́n, oúnjẹ wọn jọra. Àmọ́ ẹṣin ni Amish fi ń ṣiṣẹ́ oko, ilé màlúù wọn kò jìnnà sí ilé tí wọ́n ń sùn, ọmọdé ń wọ ibẹ̀ ṣeré. Ẹ̀rọ ńláńlá ni Hutterite ń lò. Nígbà tí wọ́n yẹ eruku ilé wọn wò nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 2016, oró èèpo tó wà ní ti Amish jẹ́ ìlọ́po 6.8 ti Hutterite. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Amish, bíi 5 ni ásímà ń yọ lẹ́nu. Ti Hutterite lé ní 21. Ẹ wá kọ “májèlé” síbẹ̀, kí ẹ sì wo bí yóò ṣe rí létí òǹkàwé.

Ní Ghent, ní Bẹ́ljíọ̀mù, wọ́n fín ìwọ̀nba oró èèpo sí eku nímú. Wọ́n ṣe é lónìí, wọ́n fo ọ̀la, fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n tó fi ohun tó ti ara kòkòrò inú eruku wá síwájú wọn. Ásímà kò mú eku wọ̀nyẹn. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní A20 ló ń pẹ̀tù sí awọ inú ẹ̀dọ̀fóró, tí awọ náà kò fi ké pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ara nítorí eruku lásán. Nígbà tí wọ́n mú A20 kúrò nínú awọ yẹn, ààbò pòórá. 2015 ni wọ́n gbé e jáde.

Ohun tí bàbá mi ń pè ní àjẹsára rèé, kí abẹ́rẹ́ tó gba orúkọ náà. Ọdẹ ni wọ́n, gbẹ́rẹ́ ejò wà lọ́rùn ọwọ́ wọn. Mi ò sọ pé gbẹ́rẹ́ àti iṣẹ́ Ghent jẹ́ ọ̀kan náà o. Mo ní èdè wa ti gbà pé ènìyàn lè jẹ ìwọ̀nba oró sára. Kò sẹ́ni tí í jẹ májèlé sára.

Oró ṣì ni, ṣá. Eruku òwú kún fún un, ó wà lára ohun tó ba èémí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ òwú jẹ́, ó sì ń mú ásímà le sí i lára ẹni tó ti ní in. Nítorí náà mi ò lè gba “oògùn eruku” tí àbúrò wa kan dá lábàá.

Ẹ fi “ìdun eruku” tí àwọn kan fẹ́ kí á máa pe dust mite, kòkòrò inú eruku tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, sílẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà ni ìdun, ẹ̀jẹ̀ ló ń mu. Èyí ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ, awọ ara wa tó ń bó sórí ẹní àti tìmùtìmù ló ń jẹ. Eégbọn ló bá tan. Eégbọn eruku ni. Arábìnrin wa ní Àjàṣẹ́ ní àwọn èèyàn yóò máa wá a lára ajá. Bóyá. Ìdun ní tirẹ̀ yóò mú kí wọ́n máa da omi gbígbóná sí ihò bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀gbọ́n wa rán wa létí pé àwọn ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni ní Yorùbá. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Èmi náà fi ọdún mọ́kàndínlógún kọ́ báyọ́lọ́jì ní iléèwé girama, mo sì mọ bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe ń ṣi ọmọ lọ́nà. Àwọn náà ni wọ́n ń fẹ́ kí á pe allergen, ohun tí ara àwọn kan máa ń kọ̀, ní “ọ̀tá ara”, dípò èèwọ̀ ara tí gbogbo ayé ń sọ. Ìgbẹ́ eégbọn eruku, tó wà lára irú ohun bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni: ọmọ méjì sùn sórí ẹní kan, ara ọ̀kan kọ̀ ọ́, ara èkejì kò kọ̀ ọ́. Ọ̀tá ta ni, nígbà náà? Mo béèrè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ṣì ń retí èsì.