Neuroscience ní Amẹ́ríkà: báwo lèèyàn ṣe ń mọ ilé-ìwé tí owó rẹ̀ kò ní já sí òfo?

Àdùkẹ́_M

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ wa wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní girama, neuroscience (ẹ̀kọ́ nípa ọpọlọ àti iṣan ara) ló fẹ́ kọ́. Apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà là ń gbé, kò sì sí ilé-ìwé ìjọba kankan ní ìpínlẹ̀ wa tó ń kọ́ ọ fún oyè àkọ́kọ́. Àwọn àtòjọ "ilé-ìwé tó pọ́ọ́kú jù" tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò bára mu rárá: èyí tó ṣe ipò kìíní níbí, ẹ lè má rí i níbòmíì. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ mọ̀. Níbo lèèyàn ti lè wá a tí kò ní jẹ́ ìpolówó ọjà? Báwo lèèyàn ṣe ń fi owó ilé-ìwé kan wé ti òmíràn? Ṣé dandan sì ni kó jẹ́ neuroscience ló wà lórí ìwé-ẹ̀rí, àbí bàọ́lọ́jì tàbí sàìkọ́lọ́jì náà tó?

Káyọ̀dé_Láàbù

Ẹ kú àárọ̀, mà. Ẹ pa àwọn àtòjọ yẹn tì. College Scorecard, ìkànnì iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, ni kí ẹ ṣí. Ohun tó ń da èèyàn láàmú níbẹ̀ ni pé orúkọ ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ọ̀kan. Ìjọba ní nọ́ńbà kan tó fi ń to ẹ̀kọ́ jọ, CIP ni wọ́n ń pè é. Neuroscience wà lábẹ́ 26.15. Ṣùgbọ́n níbi tó bá ti jẹ́ pé ẹ̀ka sàìkọ́lọ́jì ló ni ín, tí wọ́n pè é ní behavioral neuroscience, wọ́n lè fi sábẹ́ 42.27. Cognitive science tún wà lábẹ́ 30.25. Ní UC Davis (ọ̀kan nínú àwọn ọgbà University of California), Neurobiology, Physiology and Behavior lorúkọ tí wọ́n fún un. Ẹni tó bá wá ọ̀rọ̀ "neuroscience" nìkan ti fo ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kọjá.

Ti pé ìpínlẹ̀ yín kò ní i, àǹfààní ló tún jẹ́. Ìpínlẹ̀ 15 ní gúúsù ló wà nínú àdéhùn Academic Common Market. Bí ilé-ìwé ìjọba tiyín kò bá ní ẹ̀kọ́ kan, tí ti ìpínlẹ̀ mìíràn ní in tí wọ́n sì ti fi sórí àkójọ, iye tí ọmọ onílé (ìyẹn ẹni tó ń gbé ìpínlẹ̀ náà) ń san níbẹ̀ ni ọmọ yín máa san. Kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ náà ló gbà á fún oyè àkọ́kọ́ o, àwọn kan fi mọ sí oyè gíga.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é: ẹ kọ́kọ́ wo àkójọ lórí ìkànnì SREB, àjọ ètò ẹ̀kọ́ gúúsù tó ń darí àdéhùn náà. Kí ọmọ gba ìwọlé sínú ẹ̀kọ́ yẹn gan-an, pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n kọ sórí àkójọ. Lẹ́yìn náà kí ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó o ní ìpínlẹ̀ tiyín, kí wọ́n jẹ́rìí pé ìpínlẹ̀ náà lẹ̀ ń gbé. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni kí ọmọ wọlé láìtíì yan ẹ̀kọ́, tàbí kó yí padà sí bàọ́lọ́jì lọ́dún kejì. Lọ́jọ́ tó bá yí padà, owó àlejò (iye gíga tí ẹni tí kì í gbé ìpínlẹ̀ náà ń san) bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tó wà ní ìwọ̀-oòrùn ní WUE, àdéhùn owó ilé-ìwé ti àwọn ìpínlẹ̀ ibẹ̀: ilé-ìwé tó wà nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbà ju ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí onílé ń san, àmọ́ ilé-ìwé lè yọ ẹ̀kọ́ kan kúrò, nítorí náà ẹ béèrè. Ti New England, ní àríwá ìlà-oòrùn, fara jọ ti gúúsù, ẹ̀kọ́ tí kò sí nílé ni wọ́n ń wò.

Akọ̀wé_Owó

Mo gba ti owó. Iye tó wà lójú ìwé ìpolongo kì í ṣe iye tí ẹ máa san. Láti ọdún 2011 ni òfin ti ní kí gbogbo ilé-ìwé tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Net Price Calculator, ẹ̀rọ tó ń ṣírò iye tí ìdílé máa san gan-an, lórí ìkànnì wọn. Ẹ ṣe é fún ilé-ìwé bíi mẹ́jọ, pẹ̀lú ìwé owó-orí yín lọ́wọ́. Ẹni tó bá méfò iye tó ń wọlé fún un, ìméfò náà ni wọ́n máa dá padà fún un. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀, sábà máa ń ṣí, ẹ má dúró di ọdún tuntun.

Lẹ́tà ìrànwọ́ ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìnà. Ká ní lẹ́tà kan sọ báyìí: gbogbo ìnáwó ọdún kan $62,000; owó ẹ̀bùn $34,000; ẹ̀yáwó ọmọ $5,500; work-study $2,500; Parent PLUS $20,000; ó ku $0. "Ó ku òdo" yẹn ló ń tanni. Parent PLUS jẹ́ gbèsè lọ́rùn òbí. Ẹ̀yáwó ọmọ jẹ́ gbèsè. Work-study sì jẹ́ owó tí ọmọ máa ṣiṣẹ́ kó tó rí gbà. Owó ẹ̀bùn nìkan ni kí ẹ yọ: $28,000 lọ́dún ni ilé-ìwé náà.

Ká ní òmíràn jẹ́ $24,000 lọ́dún. Ẹ máa rò pé ó ti dín. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá fi ọdún márùn-ún jáde níbẹ̀, $120,000 ni. Ti àkọ́kọ́ fún ọdún mẹ́rin jẹ́ $112,000. Ọdún karùn-ún sì wọ́pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí, kẹ́mísìrì ló ń fà á. Kẹ́mísìrì àkọ́kọ́ gba sáà méjì, organic chemistry gba méjì, biochemistry tẹ̀ lé e: sáà márùn-ún tó so mọ́ra bí ṣéènì, ọ̀kan kò ṣeé fò. Bí ìdánwò ìṣirò bá sọ pé kí ọmọ kọ́kọ́ ṣe ìṣirò ìpìlẹ̀, tí ilé-ìwé sì ń bẹ̀rẹ̀ kẹ́mísìrì ní oṣù kẹjọ nìkan, ọdún kan ti lọ nìyẹn. Ẹ bi wọ́n: "Ṣé ẹ tún ń bẹ̀rẹ̀ kẹ́mísìrì àkọ́kọ́ ní oṣù kìíní?"

Organic yìí kan náà ló ń gba sikọláṣípù lọ́wọ́ ọmọ. Èyí tó ní kí GPA (ìpíndọ́gba máàkì ọmọ) má lọ sílẹ̀ ju 3.5 kò dà bí èyí tó ní 3.0, bí owó méjèèjì tiẹ̀ dọ́gba. Ẹ tún béèrè bóyá bí ọmọ bá gba sikọláṣípù láti ìta, wọ́n máa fi dín gbèsè rẹ̀ kù tàbí wọ́n máa yọ ọ́ nínú ẹ̀bùn tiwọn. Àwọn kan ń yọ ọ́ nínú ẹ̀bùn, tí ẹ ò ní jèrè kọ́bọ̀.

Ọpọlọ_àti_Iṣan

Owó nìkan kọ́ ni iyì. Ìbéèrè tó kù ni: kí ni ọmọ máa fọwọ́ kàn kó tó jáde?

Ẹ ṣí ìwé àtòjọ kọ́ọ̀sì, kì í ṣe ojú ìwé tó ní àwòrán ọmọ tó wọ ẹ̀wù funfun. Ó yẹ kí láàbù kan wà tó jẹ́ dandan, tí ọmọ ti máa gba àmì iná láti ara iṣan gidi. Kò ní láti jẹ́ ẹ̀rọ olówó ńlá. Ẹsẹ̀ aáyán kan tó: wọ́n á gún abẹ́rẹ́ tín-ín-rín méjì bọ̀ ọ́, wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé àmì sókè àti gbohùngbohùn, wọ́n á fi igi ìtayín tọ́ irun ara ẹsẹ̀ náà, ẹ ó sì máa gbọ́ iṣan tó ń ta pápápá. Ilé-ìwé kékeré tó ń ṣe èyí dáadáa sàn ju ńlá tó ní ẹ̀rọ mílíọ̀nù dọ́là tí akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọdún kẹta kì í débẹ̀. Kí sìtàtísíìkì náà jẹ́ dandan, kí kíkọ kóòdù pẹ̀lú Python, R tàbí MATLAB sì wà níbìkan. Ibi tí kò bá ti sí méjèèjì, sàìkọ́lọ́jì tí wọ́n yí lórúkọ padà ni mò ń kà á sí.

Ẹ fura sí àkójọ "ọ̀jọ̀gbọ́n 70 tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú wa". Nígbà mìíràn, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wà, ìyẹn sì lè wà ní ìlú mìíràn tí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé kì í dé. Ẹ béèrè iye láàbù tí ọmọ lè fẹsẹ̀ rìn dé.

Iṣẹ́ láàbù máa ń gbà tó wákàtí mẹ́wàá lọ́sẹ̀. Ọmọ tó tún ń ṣiṣẹ́ ogún wákàtí ní ilé oúnjẹ kò ní ráyè. Nítorí náà ẹ má fojú kéré work-study tí Akọ̀wé mẹ́nu bà: ìjọba àpapọ̀ ló sábà ń gbé ìpín tó pọ̀ jù nínú owó iṣẹ́ náà, tí ọ̀jọ̀gbọ́n á sì san díẹ̀. Kí ọmọ kọ ọ́ sí ìlà kejì nínú ímeèlì tó bá fi ń wá àyè ní láàbù: "Mo ní work-study." Ó máa ń ṣílẹ̀kùn ju GPA lọ. Kó má retí eku lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ o. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nípa títọ́jú ẹranko gbọ́dọ̀ parí ná, fífọ ìgò sì ni ìbẹ̀rẹ̀ púpọ̀ nínú wọn.

Ti orúkọ orí ìwé-ẹ̀rí: ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kò bìkítà, kọ́ọ̀sì tó pé ni wọ́n ń wò. Àwọn tó ń gbani fún PhD ń wo ìrírí láàbù. Bàọ́lọ́jì nílé-ìwé ìjọba tó wà nítòsí, pẹ̀lú ọdún méjì ní láàbù ẹni tó ń ṣèwádìí ọpọlọ, kò rẹlẹ̀ sí neuroscience olówó gọbọi. PhD nínú ẹ̀kọ́ yìí fúnra rẹ̀, wọ́n sábà máa ń san owó ẹ̀kọ́ fúnni, wọ́n sì tún ń fúnni ní owó oṣù, torí náà kò bọ́gbọ́n mu kéèyàn jẹ gbèsè rẹpẹtẹ lórí oyè àkọ́kọ́.

Àdùkẹ́_M

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Community college, ilé-ìwé ọlọ́dún méjì, fún ọdún méjì àkọ́kọ́ ńkọ́?

Káyọ̀dé_Láàbù

Ó dára fún owó, ó léwu fún ṣéènì kẹ́mísìrì tí wọ́n ṣàlàyé yẹn. "Wọ́n gba kírẹ́dítì náà" àti "wọ́n kà á mọ́ ẹ̀kọ́ tó ń ṣe" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Organic tí ọmọ ṣe ní community college lè wọlé gẹ́gẹ́ bíi kọ́ọ̀sì tó wù ú ṣe lásán, kí wọ́n sì ní kó tún un ṣe. Ẹ gba àdéhùn ìyípadà ní àkọsílẹ̀, kọ́ọ̀sì sí kọ́ọ̀sì, kó tó forúkọ sílẹ̀. Ní California, gbogbo rẹ̀ wà lórí assist.org. Ọgbà UC mẹ́fà ló ń fún ẹni tó ń bọ̀ láti community college wọn ní ìdánilójú ìwọlé. UCLA, Berkeley àti San Diego kò sí nínú rẹ̀.

Ohun kejì: neuroscience ní àwọn ilé-ìwé kan ní òǹkà àyè. University of Washington jẹ́ ọ̀kan. Wọ́n lè gba ọmọ sí yunifásítì kí wọ́n má gbà á sínú ẹ̀kọ́ náà. Kó ní ẹ̀kọ́ kejì lọ́wọ́ tí kọ́ọ̀sì rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀.

Bísí_T

Fún ẹni tó ń ka èyí láti òkè òkun: FAFSA kì í ṣe tiyín, owó àlejò nílé-ìwé ìjọba sì máa ń ga. Amherst, Bowdoin, Dartmouth, Princeton àti Yale ní neuroscience, wọn kì í wo bóyá ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun lówó kí wọ́n tó gbà á wọlé, wọ́n sì ń dí àlàfo tó bá wà láàárín ìnáwó àti agbára ìdílé fún ẹni tí wọ́n bá gbà. Ìwọlé ló ṣòro. Ẹ wo ìkànnì ìrànwọ́ owó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí ẹ mọ fọ́ọ̀mù tí wọ́n fẹ́. Bí CSS Profile, fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ tí wọ́n ń sanwó fún, bá wà níbẹ̀, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń yọ owó fọ́ọ̀mù náà kúrò fún ẹni tí kò lágbára. REU, ìwádìí àkókò ìsinmi tí NSF (àjọ ìjọba àpapọ̀ fún sáyẹ́ǹsì) ń sanwó rẹ̀, kò gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílùú tàbí tí kò ní ìwé ìgbélùú títí ayé. Ẹ bi ilé-ìwé bóyá ó ní owó ìwádìí ìgbà ìsinmi tirẹ̀, iye ọ̀sẹ̀ tó wà fún, àti bóyá ibùgbé wà nínú rẹ̀.