Èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ọ ní wọ́ọ̀dù

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Mo ti ń ka ìrírí ẹ̀yin tí ẹ wà fúnra yín nínú ètò ìṣọ́ni yìí, èyí tó wà fún àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tí oògùn tàbí ọtí ti di bárakú fún. Èmi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń ṣọ́. Èmi ni ọ̀gá wọ́ọ̀dù tó ń kọ ìròyìn nípa nọ́ọ̀sì kan tó padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìtọ́jú, nígbà tí oògùn ìrora ti di bárakú fún un.

Àdéhùn tó tọwọ́ bọ̀ kí ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ má baà bọ́ le púpọ̀. Láràárọ̀ ló ń wo fóònù bóyá àyẹ̀wò kàn án. Bó bá kàn án, kò sí àwáwí: ọjọ́ náà gan-an ló máa tọ̀ sínú ike lójú ẹlòmíì, wọn á sì wo bí ìtọ̀ náà ṣe gbóná tó, kí wọ́n lè mọ̀ pé tirẹ̀ ni, pé kò gbé ti ẹlòmíì wá. Kódà oògùn ìfọnu tó ní ọtí nínú, kò jẹ́ fẹnu kàn án.

Èyí tó ká mi lára jù ni kọ́kọ́rọ́. Kò gbọdọ̀ di kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù oògùn olóró mú, nítorí náà ẹlòmíì ló ń bá a fún àwọn aláìsàn rẹ̀ ní mọ́fíìnì, oògùn ìrora tó lágbára. Àwọn yòókù ò mọ ìdí, àṣírí ni, ni wọ́n bá ń kùn pé ó ń rán àwọn níṣẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀. Lóru ọjọ́ kan, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún ń jẹ̀rora, kò sẹ́ni tó ní kọ́kọ́rọ́ tọ́wọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà dúró tì í títí mo fi dé. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mà, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ fún wọn."

Mo ní kò pọn dandan. Kò tọ́ kéèyàn máa tú àìsàn ara rẹ̀ fáyé kó tó rí olùrànlọ́wọ́. Rósítà, ìwé tó ń sọ ẹni tó máa wọṣẹ́ àti ìgbà tó máa wọ̀ ọ́, ni mo tún tò: gbogbo ìgbà tó bá wọṣẹ́, ẹni méjì tó ní kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Kíkùn náà rọlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé irú wọn ò yẹ nítòsí aláìsàn mọ́, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2009 tẹ̀lé dókítà 904 nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ 16 ní Amẹ́ríkà. Láàárín ọdún 5, àyẹ̀wò ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún wọn kò fi ọtí tàbí oògùn hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú gbogbo wa ní wọ́ọ̀dù tiwa, nọ́ọ̀sì yìí nìkan ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé oògùn ò sí lára rẹ̀, torí òun nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí wọ́n bá gbé fọ́ọ̀mù ìṣọ́ni yìí fún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún rósítà tò kí onítọ̀hún tó dé.