Kọnkéré kì í gbẹ bí amọ̀ ṣe ń gbẹ: èsì sí àbá "ìmúgbẹ" àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀

Ẹ̀yin àgbà àti ọ̀dọ́ tí ẹ ń dá sí ọ̀rọ̀ èdè yìí, mo kí yín láti Kàbà. Òkun o.

Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ fún ìwé pélébé tí a fẹ́ kọ lórí iṣẹ́ kọnkéré fún àwọn tó ń kọ́lé ara wọn ní ilẹ̀ Òkun, ilẹ̀ àwa Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ̀wé láti Ìlọrin ní kí a pe kọnkéré ní "àpòlù-òkúta", kí a sì pe ìtọ́jú tí a ń ṣe fún un lẹ́yìn tí a bá dà á tán ní "ìmúgbẹ". Ìyá wa olùkọ́ láti Ìsánlú, ní tiwọn, fẹ́ kí "ilẹ̀ yangí" jẹ́ orúkọ fún gbogbo ilẹ̀ pupa tó tẹ́ láti Ẹ̀gbẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kò kéré, ṣùgbọ́n n kò lè fọwọ́ sí "ìmúgbẹ" rárá, ìdí rẹ̀ sì ju ọ̀rọ̀ ẹwà èdè lọ.

Ọ̀rọ̀ amọ̀ ni ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ tí a jogún. Àwọn baba wa ń wa amọ̀, wọ́n ń po ó, wọ́n ń fẹsẹ̀ gún un, wọ́n ń mọ ọ́n ní ipele ipele, wọ́n ń dúró kí ipele ìsàlẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e, wọ́n sì ń rẹ́ ògiri náà níkẹyìn. Bí ó bá jẹ́ bíríkì alámọ̀ ni wọ́n fẹ́ lò, wọn a sá a sóòrùn bí ẹni sá èlùbọ́. Nígbà tí símẹ́ńtì dé, kò bá èdè wa ní òfìfo; àwọn ọ̀rọ̀ amọ̀ ló jáde lọ pàdé rẹ̀. "Pò" bá a mu dáadáa. "Mọ" náà kò ṣe aburú kankan, nítorí a ṣì ń sọ pé ẹnì kan ń mọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé búlọ́ọ̀kù ló ń tò. "Gbẹ" àti "sá" ni kò yẹ kí a gbà wọlé, nítorí wọ́n gbé òye tó tọ́ fún amọ̀ wá sí ibi tí òye náà ti ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Ẹ wo ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì. Amọ̀ a máa gbẹ nígbà tí omi bá jáde kúrò lára rẹ̀, bí òjò bá sì tún nà án, yóò padà di ẹrẹ̀. Símẹ́ńtì kò rí bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni símẹ́ńtì àti omi tí a fi pò ó ń para pọ̀ di ohun mìíràn, tí ooru sì ń jáde lára wọn bí iṣẹ́ náà ti ń lọ, ohun tuntun yìí ló sì ń so yanrìn àti òkúta mọ́ ara wọn tí wọn kò fi ní tú mọ́. Ìdí nìyí tí kọnkéré fi lè le lábẹ́ omi, tí a sì fi ń fi í ṣe òpó afárá sínú odò. Bí oòrùn tàbí afẹ́fẹ́ bá fa omi náà lọ kí iṣẹ́ tó parí, apá kan símẹ́ńtì náà yóò wà níbẹ̀ láìṣe ohun tí a torí rẹ̀ rà á. Nítorí náà, bí a bá kọ "ìmúgbẹ" sínú ìwé, ohun tí a ní kí onílé ṣe gan-an ni ohun tó yẹ kí a kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe. (Ẹni tí kò bá sì fi àmì sí ọ̀rọ̀ náà lè kà á sí nǹkan mìíràn tí n kò ní dárúkọ láàárín àgbà.)

Ẹ̀rí wà lára àpò símẹ́ńtì fúnra rẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n ń ṣe ní Ọbajànà, nítòsí wa níhìn-ín. Ní ọdún 2014, àjọ SON tó ń bójú tó ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà là á sílẹ̀ pé símẹ́ńtì tí a kọ 32.5 sára àpò rẹ̀ wà fún pílásítà, pé 42.5 ni kí a máa fi da òpó, bíìmù àti dẹ́ẹ̀kì, òun náà sì ni kí a fi máa ṣe búlọ́ọ̀kù. Kí ni nọ́ńbà yìí ń wọ̀n? Agbára tí àpòpọ̀ símẹ́ńtì àti yanrìn ní ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni, inú omi sì ni wọ́n ń tọ́jú àwọn ègé tí wọ́n fi ń dán an wò sí títí ọjọ́ náà yóò fi pé. Bí àwọn tó ń wọn agbára símẹ́ńtì bá ń tọ́jú rẹ̀ sínú omi fún ọjọ́ 28, kí ni àwa yóò fi dáhùn bí ẹnì kan bá bi wá pé kí ló dé tí a pe ìtọ́jú náà ní gbígbẹ?

Ọ̀rọ̀ yìí kan wa ju àwọn ará ibi tí òjò ti ń rọ̀ jálẹ̀ ọdún lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́lé ní apá ọ̀dọ̀ wa, nítorí ojú ọ̀nà dára, òjò kò sì ní dá iṣẹ́ dúró. Àkókò náà ni ọyẹ́ ń fẹ́, ọyẹ́ tó ń la ètè ènìyàn, tó sì ń mú kí ojú kọnkéré tí a dà ní ọ̀sán funfun láàárín wákàtí díẹ̀, kí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára rẹ̀. Bíríkìlà yóò wò ó, yóò ní, "Ó ti gbẹ." Kò purọ́, ojú rẹ̀ ti gbẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí onílé gbọ́ ni pé ó ti parí, kò sì tún ní da omi sí i mọ́. Ẹlòmíràn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá títì yóò tò wọ́n sínú oòrùn gbígbóná, yóò wọ́n omi lé wọn lẹ́ẹ̀kan, yóò sì kó wọn fún oníbàárà kí ọ̀sẹ̀ tó yí. Bí a bá bi í, yóò ní òun ń sá wọn ni. Ọ̀rọ̀ amọ̀ ló ń darí ọwọ́ rẹ̀, kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ nìkan.

Àbá tèmi ni pé kí a ya ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀. Èkíní ni "dì", tí a ti ń lò fún ẹ̀kọ àti ẹ̀jẹ̀ tẹ́lẹ̀: kọnkéré bẹ̀rẹ̀ sí í dì nígbà tí kò bá ṣàn mọ́, èyí sì lè má ju bíi wákàtí kan sí méjì lọ, pàápàá nínú ooru bíi ti Lọ́kọ́jà. Èyí tó bá ti ń dì, a kì í bu omi sí i láti tún un pò. Èkejì ni "le", tó ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn dídì, tó sì ń lọ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn, èyí tí mo fẹ́ kí a pè ní "fífi omi bọ́ kọnkéré". Ní sáìtì, ohun tí wọ́n ń sọ ni "wẹ́ẹ̀tì", n kò sì kórìíra rẹ̀, ṣùgbọ́n wẹ́ẹ̀tì kò sọ ju pé kí a da omi sí i. "Bọ́" sọ pé ó nílò rẹ̀, pé a ó máa ṣe é léraléra, àti pé bí a bá dáwọ́ dúró láìtọ́jọ́, ohun tí a ń bọ́ kò ní dàgbà tó bó ṣe yẹ. Mo kọ́kọ́ ro "gbó", bí a ti ń sọ pé iṣu gbó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-orúkọ tí a ó ṣẹ̀dá láti ara rẹ̀ yóò lọ forí kọ "igbó" àti "ìgbó" nínú àwọn ìwé tí wọn kì í fi àmì sí. Mo mọ̀ pé "ìfomibọ́" náà ní ewu tirẹ̀, pé ẹni tó bá yọ àmì kúrò lè sọ ọ́ di ti ẹbọ. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí ìwé náà fi gbólóhùn sọ ọ́, kó má fi ọ̀rọ̀-orúkọ ṣe é: "ẹ fi omi bọ́ ọ, ó kéré tán fún ọjọ́ méje, ẹ fi àpò tútù tàbí ọ̀rá bò ó, kí omi náà má baà fò lọ."

Àǹfààní mìíràn tún wà nínú èyí. Omi méjì ló wà nínú iṣẹ́ yìí, a kò sì tíì ní orúkọ tó yà wọ́n. Omi tí a fi ń po kọnkéré gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n: fún àpò símẹ́ńtì 50 kg, lítà bíi 25 ni, tí yanrìn bá gbẹ, bí ó bá sì tutù kí ó dín sí i. Gbogbo ohun tí a bá fi kún un kí ó lè rọrùn láti dà, agbára ni a ń bù kúrò. Omi tí a ń fún un lẹ́yìn tó ti dì kò ní irú ìdíwọ̀n bẹ́ẹ̀. Lébùrà tó bá gbọ́ pé "kọnkéré fẹ́ràn omi" lè ṣi èyí mú, kó sì bu gárawá mìíràn sínú àpòpọ̀. Mo dábàá "omi ìpò" fún ti àkọ́kọ́, "omi ìbọ́" fún ti ìkejì, kí ìwé náà sì sọ ọ́ gbangba pé omi ìpò kì í pọ̀, omi ìbọ́ kì í wọ́n.

Lórí "àpòlù-òkúta", n kò ní pẹ́. Kọnkéré ti di ọ̀rọ̀ Yorùbá, bíi ti símẹ́ńtì, búlọ́ọ̀kù àti dẹ́ẹ̀kì. Kò sí ìyá oníṣòwò tí ń kó owó ilé jọ tí kò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò sí bíríkìlà tí yóò yí ẹnu rẹ̀ padà nítorí wa. Bí a bá tilẹ̀ fẹ́ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, òkúta kọ́ ló yẹ kó wà nídìí rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ Látìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú tiwọn jáde láti ara rẹ̀ ń sọ nípa ohun tó dì pọ̀. Írọ́ọ̀nù àti dí-pí-sí (ìpele tí kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin ilẹ̀ gun ògiri) náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà bí wọ́n ṣe wà.

"Ilẹ̀ yangí" ló gba sùúrù. Ìyá wa olùkọ́ tọ̀nà pé ohun kan náà ló bí erùpẹ̀ pupa àti yangí: òjò àìmọye ọdún ló fọ èyí tó lè yòrò lọ, tó fi irin tó ti dípẹtà sílẹ̀ nínú ilẹ̀, òun ló sì ń mú un pupa. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn ènìyàn, yangí ni èyí tó ti gan di òkúta. Ẹnì kan ti sọ níhìn-ín pé yangí jẹ́ ti Èṣù, pé kò yẹ kí a gbé e wọ inú ìwé ilé kíkọ́. Èyí kò dí mi lọ́wọ́. Òkúta ni yangí kó tó di ojúbọ. Ohun tó dí mi lọ́wọ́ ni ohun tí òǹkàwé yóò ṣe. Bí a bá kọ ọ́ pé "ẹ kó yangí kún inú ìpìlẹ̀", yóò kó àwọn òkúta ńláńlá dà síbẹ̀, àlàfo yóò wà láàárín wọn, ilẹ̀ yóò sì rì ní òjò àkọ́kọ́, tí Jámánì flọ́ọ̀ (kọnkéré ilẹ̀ inú ilé) tó wà lórí rẹ̀ yóò fi sán. Erùpẹ̀ pupa tó ní òkúta wẹ́wẹ́ nínú ni a ń fẹ́, kí a tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́ fẹ́lẹ́, kí a wọ́n omi sí i, kí a sì gún un mọ́lẹ̀ kí a tó tẹ́ òmíràn. Àwọn onítipà ń pè é ní làtéráìtì, ọ̀rọ̀ tí Francis Buchanan, oníṣègùn ará Skọ́tíláǹdì kan, ṣẹ̀dá ní ọdún 1807 láti inú orúkọ tí Látìn ń pe bíríkì, lẹ́yìn tó rí àwọn ará gúúsù Íńdíà tí wọ́n ń gé e fi kọ́lé. Yangí ni òun náà rí, kì í ṣe erùpẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ "erùpẹ̀ pupa" fún èyí tí a ń kó dí ìpìlẹ̀, "yangí" fún òkúta rẹ̀, kí a sì fi ilẹ̀dú tí a gbọ́dọ̀ wà kúrò kí a tó débẹ̀ sílẹ̀ bí orúkọ rẹ̀ ti wà.

Ohun tó kù tí n kò ní ọ̀rọ̀ fún ni amọ̀ etídò. Lágbègbè ibi tí odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé ní Lọ́kọ́jà, níbi tí àkúnya omi ti bo ilé ní 2012 àti 2022, ilẹ̀ kan wà nínú àkùrọ̀ tó ń wú nígbà òjò, tó sì ń súnkì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn títí yóò fi là débi tí ọwọ́ lè wọ inú rẹ̀. Ìpìlẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó tó fún wa ní Kàbà kò tó fún ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kọnkéré onírin tó tẹ́ kárí abẹ́ ilé ló máa ń gbà á lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n ti dábàá "ilẹ̀ awúsúnkì" fún un, ó sì yé mi, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbin ìrẹsì lórí rẹ̀ kò ní ṣàìní orúkọ tí wọ́n ń pè é. Kí ẹ̀yin ará Ọ̀wọ́rọ̀ àti Búnú tí ẹ bá ń ka èyí jọ̀wọ́ bi àwọn àgbẹ̀ yín, kí ẹ sì kọ orúkọ náà ránṣẹ́ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ kí a tó tẹ ìwé náà.