Ìgbà tí ibùdó cluster wa dákẹ́: ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ojú wa rí

Ará Bódìjà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Láàárín oṣù yìí nìkan, ènìyàn mẹ́ta ni ó ti béèrè lọ́wọ́ mi bí a ti ń dá ibùdó cluster sílẹ̀ fún àwa ham, ìyẹn àwa tí a ń fi rédíò tiwa bá ara wa sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́, mo sì rò pé yóò dára kí n kọ ìrírí mi sílẹ̀ kí ẹ̀yin náà lè sọ tiyín, nítorí pé ìwé ìtọ́sọ́nà yóò kọ́ ènìyàn bí a ti ń gbé ètò náà sórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kò ní í sọ ohun tí iná Ìbàdàn àti ìkánjú ara ẹni lè fi ojú ẹni rí.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ, ohun tí cluster ń ṣe kò ju báyìí lọ: ẹni tí ó bá gbọ́ ibùdó kan tí ó jìnnà lórí afẹ́fẹ́ yóò kọ àmì ìpè ibùdó náà àti ìgbì tí ó ti gbọ́ ọ ránṣẹ́, èyí ni à ń pè ní spot, àwọn ibùdó cluster yóò sì máa gbé e fún ara wọn títí yóò fi kárí ayé láàárín ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá. Nígbà tí Dick Newell, tí àmì ìpè rẹ̀ jẹ́ AK1A, ṣe ètò cluster tí ó ń jẹ́ PacketCluster ní àwọn ọdún 1980, orí rédíò gan-an ni àwọn spot ń gbà kọjá. Lónìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ jùlọ ń gbà. Ètò DXSpider ni èmi ń lò, èyí tí Dirk Koopman, G1TLH, bẹ̀rẹ̀ sí kọ ní ọdún 1998 ní Perl, èdè kan tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà.

Kọ̀ǹpútà àgbélétábìlì kan tí ó ti pẹ́ ni mo gbé e lé. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ní ìparí oṣù Kẹwàá, iná ìjọba lọ, ínfátà mi náà sì gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí iná dé, kọ̀ǹpútà náà tan padà, ṣùgbọ́n aago rẹ̀ ti sá padà sẹ́yìn ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, nítorí pé bátìrì CR2032 tí ó rí pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ, èyí tí ó ń bá a ṣọ́ aago nígbà tí kò bá sí iná, ti kú. N kò sì fi ètò tí ń gba àkókò láti orí íntánẹ́ẹ̀tì sí i. Mo wo aago ọwọ́ mi, tí ó máa ń fi ìṣẹ́jú 3 yá, mo sì tẹ ohun tí mo rí níbẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ó ti ń rẹ̀ mí, mo sì gbàgbé pé UTC, aago kan ṣoṣo tí gbogbo ayé jọ ń lò, ni kọ̀ǹpútà yẹn ń kà, àti pé Nàìjíríà fi wákàtí 1 ṣíwájú UTC.

Ọjọ́ kejì ni ìdíje CQ World Wide ti àwọn tí ń fi ohùn sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, ìdíje oníwákàtí 48 tí ó máa ń wáyé lọ́dọọdún ní òpin oṣù Kẹwàá. Ní àkókò bẹ́ẹ̀, ńṣe ni spot máa ń rọ̀ bí òjò. Lórí ibùdó tèmi, ẹ̀kán kan kò kán. Àwọn ènìyàn ń wọlé láti port 7300, ẹnu ọ̀nà ibùdó náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bí mo bá tẹ àṣẹ links, yóò fi hàn mí pé àwọn aládùúgbò méjèèjì, ìyẹn àwọn ibùdó cluster mìíràn tí mo so tèmi mọ́, ṣì wà lórí ìlà. Ping, ìpè kúkúrú tí a fi ń wò bóyá ìlà dára, ń lọ, ó ń bọ̀. Bí ẹnìkan láti Ṣángo tàbí Òkè Àdó bá fi spot sílẹ̀, gbogbo àwa tí a wà lórí ibùdó náà ni a ń rí i, nítorí náà kò sí ẹni tí ó rò pé nǹkan bàjẹ́ lọ́dọ̀ wa. A ní bóyá afẹ́fẹ́ ni kò dára. Ẹnìkan tilẹ̀ gun òrùlé lọ wo àńtẹ́nà rẹ̀, ìyẹn sì dùn mí gan-an nígbà tí mo mọ ohun tí ó fà á.

Aládùúgbò mi kan tí ibùdó rẹ̀ wà ní Jámánì ni ó kọ̀wé sí mi ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú pé láti ọjọ́ Ẹtì, òun kò rí spot kankan kí ó ti ọ̀dọ̀ mi wá. Ìgbà náà ni mo tó ṣí watchdbg láti wo ohun tí ètò náà ń kọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Spot ń wọlé ní tòótọ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn, ṣùgbọ́n bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń dé ni ètò náà ń sọ ọ́ nù pé àkókò rẹ̀ kò bójú mu. DXSpider kì í gba spot tí ó bá ti ju wákàtí 1 lọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í gba èyí tí àkókò rẹ̀ bá fi ju ìṣẹ́jú 15 lọ wà níwájú. Lójú kọ̀ǹpútà mi, gbogbo spot ayé ti pé wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 3, nítorí náà ó ń dà wọ́n nù. Lójú àwọn aládùúgbò mi, ọjọ́ iwájú ni tiwa ti ń wá, àwọn náà sì ń dà á nù. Àwa ará Ìbàdàn nìkan ni à ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nínú yàrá tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀.

Èyí tí ó ká mi lára jùlọ ni pé gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ àṣẹ kan ni ètò náà ń kọ àkókò síwájú mi, pẹ̀lú lẹ́tà Z tí ó dúró fún UTC. Bí aago ọwọ́ mi bá lu 7:05 ìrọ̀lẹ́, 1905Z ni ó ń kọ. 1802Z ni ó yẹ kí ó jẹ́. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń wò ó, tí inú mi tilẹ̀ ń dùn pé òun àti aago ọwọ́ mi dọ́gba.

Mo dá aago padà, spot sì bẹ̀rẹ̀ sí ya wọlé. Ní ọjọ́ Ajé mo lọ ra bátìrì ní Queen Cinema, mo fi ètò tí ń tún aago ṣe láti orí íntánẹ́ẹ̀tì sí i, mo sì ṣe é kí cluster má ṣe dìde rárá àyàfi tí aago bá ti tọ́. Èyí tí mo sọ kẹ́yìn yìí ni kí ẹ mú ní dandan, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń lo kọ̀ǹpútà kékeré tí à ń pè ní Raspberry Pi, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn kò ní bátìrì aago nínú rárá. Ibi tí iná ti bá a nígbà tí ó kú ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí kà títí yóò fi rí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìyá Ìbejì, Òkè Àdó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ ṣáájú. Èmi wà lára àwọn tí ó ń bá afẹ́fẹ́ wí ní ọjọ́ yẹn.

Iná náà ni ó bá tèmi jẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti aago. Ẹ̀yà DXSpider tí mo ń lò ní fáìlì kan tí ó ń kó ọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tí ó bá ti wọlé rí sí: orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀, àwọn ohun tí ó fẹ́ àti èyí tí kò fẹ́ rí. Inú rẹ̀ náà ni ó ti mọ̀ pé àmì ìpè kan jẹ́ ti ènìyàn, òmíràn sì jẹ́ ti ibùdó bíi tirẹ̀. Bí iná bá lọ ní ìgbà tí ó ń kọ nǹkan sínú fáìlì yìí lọ́wọ́, ó lè bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì ṣe ní ọjọ́ kan tí ìjì òjò já wáyà ní àdúgbò wa.

Nígbà tí mo tan ẹ̀rọ padà, cluster dìde láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n kò mọ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ti kọ ọ́ sínú crontab, ìwé iṣẹ́ tí ètò náà ń ṣe ní àkókò-àkókò, pé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá kí ó máa wò bóyá àwọn aládùúgbò mi wà lórí ìlà, kí ó sì pe ẹni tí kò bá sí. Ó ń pè wọ́n lóòótọ́, ìlà sì ń já. Nígbà tí àwọn náà bá pè é, yóò kí wọn bí ẹni pé ènìyàn lásán ni wọ́n, yóò sì dúró de àṣẹ tí wọ́n fẹ́ tẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí àna ẹni dé ẹnu ọ̀nà, tí ọmọ ilé sì ní kí ó dúró síta kí ó sọ ohun tí ó wá rà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí fi àṣẹ set/spider dá wọn mọ̀ padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n padà wá, ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo àwọn tí ń lo ibùdó mi ti yàn fún ara wọn ti lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni mo ka nípa user_asc, tí í ṣe ẹ̀dà fáìlì náà. Ètò náà fúnra rẹ̀ lè máa kọ ẹ̀dà fáìlì yẹn sílẹ̀ lóòrèkóòrè bí a bá fi export_users sínú crontab, mo sì ti fi í síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ láìmọ ìwúlò rẹ̀. Ẹ̀dà yìí kì í ṣe ìwé lásán, ètò Perl ni òun fúnra rẹ̀ jẹ́: a ó dá cluster dúró, a ó wọlé gẹ́gẹ́ bí sysop, ìyẹn alábòójútó ibùdó, a ó fi Perl ṣiṣẹ́ lé e lórí, yóò sì tún fáìlì tí ó bàjẹ́ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ké nígbà tí mo rí gbogbo orúkọ wọ̀nyẹn tí wọ́n padà. Láti ìgbà náà, ẹ̀dà kan wà lórí fóònù mi, òmíràn wà lórí flash tí mo fi sínú àpò ìwé àwọn ọmọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Tèmi kéré. Mo so ibùdó mi mọ́ Reverse Beacon Network, níbi tí àwọn kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ti ń tẹ́tí sí Morse, ọ̀rọ̀ tí a ń fi ìró kúkúrú àti gígùn kọ, fúnra wọn, tí wọ́n sì ń kéde gbogbo ohun tí wọ́n bá gbọ́ láìsinmi. Dátà orí fóònù ni mo ń lò. Ìdíje Morse ti oṣù Kọkànlá bẹ̀rẹ̀ ní ago kan òru Sátidé, dátà tí mo rà fún oṣù náà sì ti tán kí n tó jí fún oúnjẹ àárọ̀. Mo já ìlà yẹn. Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo ń fi asẹ́ yan ẹni tí mo fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀: accept/spots by_zone 14,33,35,36. Nínú àwọn zone, ìyẹn agbègbè tí a pín ayé sí fún àwa ham, 35 ni Nàìjíríà wà, 33 àti 36 wà nítòsí wa, 14 sì ni ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Ohun tí ẹni tí ó wà ní àwọn agbègbè wọ̀nyí bá gbọ́, ó ṣeé ṣe kí n gbọ́ ọ láti Agbowó pẹ̀lú wáyà tí mo ta sórí igi. Ohun tí ará Kalifọ́níà gbọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún mi.

Bàbá Mọ́kọ́lá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún èmi náà láyè, nítorí pé tèmi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Òṣogbo tí a ti jọ ń sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní alẹ́ kan, spot bẹ̀rẹ̀ sí wá pẹ̀lú àmì ìpè rẹ̀, èébú sì ni ó kún ibi tí a ti ń kọ àlàyé. Àwọn alábòójútó ibùdó mìíràn kọ̀wé sí mi pé láti ọ̀dọ̀ mi ni ó ti ń jáde. Ojú tì mí. N kò pe ọ̀rẹ́ mi, n kò béèrè ohunkóhun. Mo tẹ set/badspotter pẹ̀lú àmì ìpè rẹ̀, kí spot rẹ̀ má baà jáde mọ́, mo sì lọ sùn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà: èmi tilẹ̀ dá tèmi láìgbọ́ ti ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ó pè mí. Ilé ìwòsàn ni ó wà ní gbogbo àkókò yẹn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sílé, ó jókòó ti rédíò rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀, ó fi spot àkọ́kọ́ sílẹ̀, kò sì rí i kí ó jáde. Ó rò pé òun ni òun gbàgbé bí a ti ń ṣe é.

Mo padà lọ wo àkọsílẹ̀. Àdírẹ́ẹ̀sì IP, ìyẹn nọ́ńbà ẹ̀rọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn èébú náà ti wá kò jọ ti ibikíbi ní Nàìjíríà. Bí a bá fi cluster sílẹ̀ bí ó ti rí, àmì ìpè nìkan ni ó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ wọlé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá tẹ àmì ìpè rẹ ni yóò di ìwọ. Àmì ìpè sì ni orúkọ wa. A kò ní òmíràn lórí afẹ́fẹ́. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo lọ tọrọ àforíjì lójúkojú, nítorí pé irú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a ń fi fóònù sọ.

Nígbà tí mo dé, mo fi set/password fún gbogbo ẹni tí ó ń lo ibùdó mi ní ọ̀rọ̀ aṣínà, mo sì pàṣẹ fún ètò náà kí ó má ṣe gba ẹnikẹ́ni láyè láìsí i. Mo fi fóònù sọ ọ́ fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n lè gbọ́ ohùn wọn. Ìlànà méjì wà tí àwọn ibùdó fi ń kọ spot ránṣẹ́ sí ara wọn, PC11 àtijọ́ àti PC61; mo sì rí i dájú pé PC61 ni ibùdó mi fi ń gbé spot lọ, nítorí pé PC61 máa ń gbé àdírẹ́ẹ̀sì IP ẹni tí ó kọ spot náà lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni márùn-ún bínú pé mo ti mú ọ̀rọ̀ le jù, wọ́n sì lọ sí ibùdó mìíràn. Mo ṣàárò wọn, ṣùgbọ́n n kò ní í yí i padà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó

Ẹ̀gbọ́n Ará Bódìjà, ẹ jọ̀ọ́, Raspberry Pi ni mo ń lò. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá aago rẹ̀ tọ́ kí cluster tó dìde?

Ará Bódìjà

Àbúrò mi, tẹ timedatectl, kí o sì wo ìlà tí ó sọ bóyá aago ti bá ti íntánẹ́ẹ̀tì mu. Lẹ́yìn náà, nínú fáìlì tí systemd, ètò tí ń jí àwọn ètò mìíràn nígbà tí ẹ̀rọ bá tàn, fi ń jí cluster, kọ ọ́ pé kí ó dúró de time-sync.target, ìyẹn àmì pé aago ti tọ́, kí o sì jí systemd-time-wait-sync pẹ̀lú, nítorí pé bí ìyẹn bá ń sùn, kò ní í dúró de ohunkóhun. Aago kékeré DS3231 tí ó ní bátìrì tirẹ̀ náà wà tí a lè so mọ́ Pi. Mo ní ọ̀kan tí n kò lò. Wá gbà á ní Sátidé lẹ́yìn ago mẹ́rin, kí o sì gbé Pi náà dání.

Bàbá Mọ́kọ́lá, ẹ bá mi kí wọn ní Òṣogbo. Ọ̀la ni èmi náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí pín ọ̀rọ̀ aṣínà.