Báwo ni mo ṣe lè kọ̀wé béèrè owó lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n láì dùn wọ́n?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa tí ọjọ́ orí wa sún mọ́ra, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni ọdún Ojúde Ọba, ẹni tó ń bá wa hun aṣọ òkè sì ti ń béèrè owó. Ẹ̀gbọ́n kan nínú wa ò tíì san ₦45,000 tiwọn.

Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ báyìí: "Ẹ jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè ₦45,000, ẹ gbọ́dọ̀ san án kí Sátidé tó kọjá." Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí wọ́n fi pè mí: "Ṣé èmi lo wá pè ní onígbèsè?" Ó dùn mí gan-an, mi ò ní in lọ́kàn bẹ́ẹ̀. Mo kọ òmíràn: "Tí ọwọ́ yín bá dẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí wa." Wọ́n ní "O ṣé, àbúrò," ó parí síbẹ̀.

Lẹ́nu, mo lè fi ohùn rọ̀ ọ́. Bí mo bá rọra fa "ẹ̀gbọ́n mi" yẹn, "ẹ gbọ́dọ̀" pàápàá á dà bí ẹ̀bẹ̀. Ìwé ò ní ohùn, ẹgbẹ́ sì fẹ́ kó wà nínú fáìlì.

Mo ń rò ó pé kí n fi "ẹ bá wa" rọ́pò "ẹ gbọ́dọ̀", kí n sì kọ "owó aṣọ tó kù lọ́wọ́ yín" dípò "gbèsè". Àmọ́ ẹnì kan ní "tó kù lọ́wọ́ yín" lè dún bíi pé wọ́n kó owó ẹgbẹ́ pamọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe dún létí tiyín? Gbólóhùn wo ló máa sọ iye owó àti ọjọ́ ní pàtó, tí ẹ̀gbọ́n ò ní kà á sí ìwọ̀sí?