Ọwọ́ mi yá nídìí irun, ẹnu mi ló wúwo ní Gẹ̀ẹ́sì

Onídìrí Kétu
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ Kétu ni mí, Kétu tó wà ní ilẹ̀ Benin. Yorùbá la ń sọ nílé, Faransé la fi kàwé. Oṣù keje mi rèé n'Ílé-Ifẹ̀, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi tó ní ṣọ́ọ̀bù irun ní Lágere.

Irun dídì kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ nìkan. Ẹni tó jókòó síwájú rẹ fún wákàtí mẹ́ta, bí ẹ bá dákẹ́ síra yín, ńṣe ló dà bíi pé ẹ jà. Bó bá jẹ́ ẹni tó gbọ́ Yorùbá ni, ẹnu mi kì í sinmi. Àmọ́ àwọn ọmọ yunifásítì tó jẹ́ Ìgbò tàbí Edo ń wá, wọn ò gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Wọ́n á sọ̀rọ̀ díẹ̀, màá ní "yes", wọ́n á tún sọ díẹ̀, màá tún ní "yes". Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi yọ fóònù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ kan ní òun fẹ́ "all back" wẹ́wẹ́. Mo ti ń fi ìyarun yà á lọ, òun náà ń sọ̀rọ̀, ni mo bá gbọ́ "Part Three". Mo ní áà, ó ti yí ọkàn padà. Mo tú èyí tí mo ti dì, mo pín orí rẹ̀ sí mẹ́ta gbọọrọ, mo tiẹ̀ fi ìpara tẹ ojú ìlà kó lè yọ dáadáa. Ìgbà tó wo dígí ló pariwo. Àṣé ọdún kẹta tó wà níléèwé ló ń sọ! Àǹtí mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí mo dórí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́, kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

Bí mo bá sì ní kí n máa sọ Gẹ̀ẹ́sì níta kó lè mọ́ mi lẹ́nu, gbàrà tí wọ́n bá ti mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ni mí, Yorùbá ni wọ́n á fi dá mi lóhùn. Ìyá oníbúrẹ́dì, ọlọ́kadà, gbogbo wọn. Kí lẹ máa ń bá àlejò sọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti ìwé?

Tíṣà Ìlódè
Àbúrò mi, o káàbọ̀ sí Ifẹ̀, bó tilẹ̀ pẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, mo sì fẹ́ tú àṣírí kan fún ọ: ìkíni Yorùbá ló pọ̀ jù nínú Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ níbí. "Ẹ kú iṣẹ́" ni "Well done". "Ṣé ẹ sùn dáadáa?" ni "How was your night?" Ẹni tó ń wọlé bọ̀, "You're welcome" la ó sọ fún un, kò dìgbà tó bá dúpẹ́. "Ẹ pẹ̀lẹ́" sì ni "Sorry", kódà kó má jẹ́ ìwọ lo ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ìyarun ń fa irun èèyàn lọ́jọ́ kan? Ṣáà máa ní "Sorry, sorry o". Ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ti "Part" yẹn, má jẹ́ kó dùn ọ́. OAU, yunifásítì Ifẹ̀ níbí, ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀. "Level" ni ọ̀pọ̀ yunifásítì mìíràn ń sọ. Fi ṣe ìbéèrè: "Which Part are you?" Lẹ́yìn náà, bi í bóyá ilé akẹ́kọ̀ọ́ Moremi ló ń gbé ni àbí ti Mozambique, àbí ó gba yàrá síta. Má béèrè èsì ìdánwò o, ìyẹn lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Bí Gẹ̀ẹ́sì bá tán lẹ́nu rẹ, gba ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn mú, kí o dá a padà fún un. Ó ní "My lecturer is wicked." Ìwọ ní "Wicked? Ah-ah!" Dákẹ́, máa dì í lọ. Òun fúnra ẹ̀ ni yóò rò ó dé òpin.

Ọmọ Àjàṣẹ́
Ará ilé! Faransé ló ń dà wá láàmú. Ìgbà tí èmi dé, mo fẹ́ béèrè ọ̀nà Sábó lọ́wọ́ ìyá kan, "demander" ló wà lọ́kàn mi, mo bá ní "Ma, I demand you the road." Màmá náà gbé apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀: "Ta lò ń dìmáǹdì?" Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà, má kí i ní "Courage!" bíi tilé o, wọ́n á rò pé ogun ló ń lọ. "Well done" tí Tíṣà sọ yẹn ni.

Ti àwọn tó ń fi Yorùbá dáhùn, bẹ̀ wọ́n ni. Èmi sọ fún ìyá oníbúrẹ́dì mi pé, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, Gẹ̀ẹ́sì la ó máa sọ láràárọ̀ títí búrẹ́dì yóò fi wọ báàgì." Wọ́n gbà. Àwọn gan-an ló wá ń pè mí lókèèrè báyìí: "My customer, how was your night?"

Ọlọ́kadà Sábó
Bí wọ́n bá ní "How far?", má ka kìlómítà fún wọn. "I dey" ni ìdáhùn. Tíṣà, ẹ má bínú.

Tíṣà Ìlódè
Mi ò bínú. Kó ṣáà má kọ ọ́ sínú ìdánwò.

Ọmọ Òṣómàáló
Iléṣà ni wọ́n bí mi, Leeds ni mo ń gbé. Ọmọ mi, bí ọ̀nà bá gbé ọ dé ibí lọ́jọ́ kan, rántí pé Gẹ̀ẹ́sì Ifẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń sọ. Mo kí awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní "Well done", ó wò mí bíi pé mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Aládùúgbò mi ní "You all right?", mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ orúnkún mi, mo ròyìn ibi tó ti ń dùn mí látàárọ̀. Ìkíni lásán ni! "Yeah, you?" ló ń retí. Ó ti wọlé tán kí n tó dé orí egbòogi.

Onídìrí Kétu
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ Edo kan jókòó lónìí. Mo sọ "Sorry" títí òun náà fi ń rẹ́rìn-ín. Ó ní lánlọ́ọ̀dù òun ti fowó kún owó ilé, mo ní "Landlord? Ah-ah!" Háà, kò dákẹ́ mọ́ títí mo fi dé ìpàkọ́. Ìdajì ni mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan ló ń tún sọ ṣáá, "sapa, sapa". Kí ni sapa?

Ọlọ́kadà Sábó
Ìyẹn ni pé kò ní san owó rẹ pé.