Mọ́tò oníná tòkunbọ̀: ta ló ṣì ń rí ibi tó wà?

Òkè-Àdó: Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mọ́tò oníná tòkunbọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà, tí orúkọ fóònù ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, ṣé onítọ̀hún ṣì lè máa rí ibi tó wà n'Ìbàdàn níbí? Ẹ̀ẹ̀kejì, kí ló dé tí sitiárìn ń tọ́ ara rẹ̀ sáàárín ìlà ní márosẹ̀ Èkó, àmọ́ tó bá ti wọ ìlú, kò dá sí nǹkan kan mọ́?

Rẹwáyà Gate: Ó lè rí i, bí àkáǹtì rẹ̀ bá ṣì so mọ́ mọ́tò náà, tí mọ́tò sì rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Síìmù Amẹ́ríkà kì í sábà mú níbí, àwọn tó sì ń lo 3G AT&T, ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ní Amẹ́ríkà, ti kú láti oṣù kejì ọdún 2022 tí wọ́n ti pa á. Ibi tí ewu wà ni tí ẹ bá tan hotspot fóònù yín fún un. Tesla, bí àpẹẹrẹ, á gba ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ rẹ̀.

Àkáǹtì ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Ẹ ya fọ́tò VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò, àti ìwé tí ẹ fi rà á, ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò, kí wọ́n yọ orúkọ ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pa gbogbo fóònù Bluetooth rẹ́, àdírẹ́sì inú máàpù, Wi-Fi, kẹ́ ẹ tó ṣe factory reset, ìyẹn kí ẹ dá a padà sí bó ṣe wà nígbà tó jẹ́ tuntun. Ẹni tó ṣe reset nìkan, inú mọ́tò nìkan ló nu; orí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ni àkáǹtì wà. Kọ́kọ́rọ́ tí kò sí lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n pa á rẹ́ pẹ̀lú.

Mọ́kọ́lá: Ẹ kàn yọ fíúùsì ẹ̀rọ síìmù náà, ọ̀rọ̀ parí.

Rẹwáyà Gate: Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Nínú àwọn Toyota kan, máíkì tí ẹ fi ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù nínú mọ́tò á bá a lọ. Ẹ wo àwòrán wáyà mọ́tò yẹn ná.

Alákìá: Sitiárìn yẹn kò bàjẹ́. Kámẹ́rà ẹ̀yìn gíláàsì iwájú ló ń wá ìlà funfun. Níbi tí ìlà ti parẹ́, kò rí nǹkan dì mú. Púpọ̀ nínú irú sitiárìn bẹ́ẹ̀ kì í sì í jí àfi tí eré bá tó nǹkan bíi 60 km ní wákàtí kan.

Tòkunbọ̀ tó ti jàǹbá rí ló ń kọ mí lóminú. Tí wọ́n bá pààrọ̀ gíláàsì, tí wọn ò tún kámẹ́rà wọ̀n kí ojú rẹ̀ lè tọ́ síwájú gan-an, tó fi dígírì kan péré yà, ní 50 mítà ó ti ṣì tó sẹ̀ǹtímítà 87. Mọ́tò á máa rò pé ọ̀kadà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wà níwájú, á tẹ bíréèkì lójijì, Micra ẹ̀yìn á sì rọ́ lù yín. Ẹ má sì jẹ́ kí páńẹ́ẹ̀lì bítà rọ pọ́tì síwájú rédà, ẹ̀rọ tó ń mọ ohun tó wà nítòsí mọ́tò, tó wà lẹ́yìn bọ́ńpà. Kò ní ríran dáadáa mọ́.

Kí wọ́n tó wọn kámẹ́rà náà, kí afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ohun tí wọ́n kọ sí ẹnu ilẹ̀kùn mu, kí búùtù ṣófo, kí ilẹ̀ tẹ́jú. Àwọn mọ́tò kan ń fẹ́ pátákó àmì tí kámẹ́rà á máa wò, àwọn kan ń fẹ́ kí ẹ wà wọ́n lójú ọ̀nà tí ìlà rẹ̀ mọ́, lọ́sàn-án, tí òjò ò rọ̀. Nígbà ọyẹ́, àràárọ̀ ni kí ẹ máa fi aṣọ rírọ̀ tútù nu gíláàsì iwájú kámẹ́rà. Aṣọ gbígbẹ á fi eruku ha á.

Òkè-Àdó: Ẹ ṣé gan-an. Ṣé kí n pa bíréèkì tó ń dá tẹ ara rẹ̀ yẹn láàárín ìlú?

Alákìá: Ẹ má pa á tí kámẹ́rà bá wà déédéé, ẹ kàn jẹ́ kí ìkìlọ̀ rẹ̀ máa pẹ́ díẹ̀ kó tó dún. Tó bá ti tẹ bíréèkì lásán lẹ́ẹ̀mejì, ẹ pa á títí ẹ ó fi wọ̀n ọ́n.